Ẹ Má Yí I Sókè: Bí A Ṣe Ń Yan Rílè Ààbò àti Bí A Ṣe Ń Ṣètò Rẹ̀

Òjò àkọ́rọ̀ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní Awo wa níbí, nítòsí Ẹdẹ, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í mi igi síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ tó ká aṣọ lórí okùn, iná ti lọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí, ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ láàárín wákàtí kan. Aládùúgbò mi kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní: "Prof, ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní nǹkan kan wà ní ibùdó iná tó máa ń já iná wa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí i sókè díẹ̀, kó yé já mọ́."

Nǹkan tó ń sọ yẹn ni rílè ààbò. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní kíláàsì á rántí pé ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ la fi ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe iṣẹ́ iná, ẹ má sá lọ. Máa sọ ọ́ kó yé tọmọdé tàgbà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Nọ́ńbà tí a bá kọ sára rílè, ìpinnu ni. Ó ń pinnu ẹni tí iná máa lọ mọ́ lọ́wọ́, ó ń pinnu bí wáyà tó já bọ́ sílẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó kí iná tó kúrò nínú rẹ̀, nígbà mìíràn ó sì ń pinnu ẹni tó máa yè. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi yí i torí pé inú ń bí aráàlú. Ìṣirò la fi ń yí i.

Kí ni rílè ń ṣe gan-an?

Rílè kì í já iná fúnra rẹ̀. Ẹ fi wé ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Ọlọ́dẹ gbọ́dọ̀ ní ojú, ó gbọ́dọ̀ ní ọgbọ́n tí yóò fi mọ olè yàtọ̀ sí onílé tó pẹ́ kó tó dé, ó gbọ́dọ̀ ní ohùn, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò ké sí. Ojú rílè ni CT, ìyẹn tiransifọ́mà kékeré tó ń wọn kọ́rẹ́ǹtì. Bí ampere 200 bá ń kọjá nínú wáyà ńlá, CT 200/5 á fi ampere 5 péré han rílè. Ọgbọ́n rẹ̀ ni ètò tí a ṣe sí i. Ohùn rẹ̀ ni bátìrì ibùdó, tó sábà máa ń jẹ́ volt 110. Ẹni tó ń ké sí ni bírékà, ẹ̀rọ ńlá tó lágbára láti já iná kí òun fúnra rẹ̀ má sì jóná. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kú, ọlọ́dẹ náà ti di ère.

Fọ́ọ̀tì ni rílè ń ṣọ́. Ẹ̀ka igi lè fara kan wáyà, wáyà méjì lè gbára wọn, ọ̀pá iná lè ṣubú, alángbá lè gun ibi tí kò yẹ. Lójú ẹsẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì lè fò sókè ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí ogún. Nítorí náà, nígbà tí iná bá lọ bí òjò ṣe ń ṣú, kì í ṣe pé Nẹ́pà ń bẹ̀rù ààrá. (Nẹ́pà là ń pè wọ́n títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ti yí padà láti ọdún 2005.) Lọ́pọ̀ ìgbà, atẹ́gùn ló ti igi lu wáyà, tí rílè sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ewo ni kí a yàn?

Kì í ṣe rílè kan náà là ń fi sí ibi gbogbo. Ohun tí a fẹ́ ṣọ́ ló ń sọ irú ọlọ́dẹ tí a máa gbà.

Lórí fídà 11 kV àti 33 kV tó ń gbé iná wọ ìlú, a sábà máa ń lo rílè tó ń wo kọ́rẹ́ǹtì pẹ̀lú àkókò. Bí kọ́rẹ́ǹtì bá kéré, á dúró pẹ́ díẹ̀. Bí ó bá pọ̀, á yára. Sùúrù yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò mi, nígbà tó bá ń gbéra, lè fa kọ́rẹ́ǹtì ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà fún ìgbà díẹ̀. Bí iná bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo fìríìjì àti ẹ̀rọ omi ìlú ló máa gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Rílè tí kò bá ní sùúrù á tún já a. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a máa ń fi ọ̀kan mìíràn ṣọ́ ilẹ̀: ó ń ro kọ́rẹ́ǹtì wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí wọ́n bá dọ́gba, àròpọ̀ náà á jẹ́ òfo. Bí kò bá jẹ́ òfo, á jẹ́ pé apá kan ń gba inú ilẹ̀ lọ.

Fún tiransifọ́mà ńlá, a máa ń lo rílè tó ń fi ohun tó wọlé wé ohun tó jáde. Bí àpò kò bá pé, olè wà nínú ilé nìyẹn. A tún máa ń fi rílè Buchholz sí i, tí ó ń jẹ́ orúkọ ará Jámánì tó ṣe é. Òun ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde nínú òróró tiransifọ́mà nígbà tí nǹkan bá ń jó nínú lọ́hùn-ún.

Fún wáyà ọ̀nà jíjìn, 132 kV àti 330 kV, rílè tó ń wọn ọ̀nà là ń lò. Máa padà sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò

Ẹ jẹ́ ká mú ìlú kékeré kan. Àpẹẹrẹ tèmi ni àwọn nọ́ńbà yìí o, kì í ṣe ti ibùdó kankan. Tiransifọ́mà 33/11 kV kan, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.5 MVA, ló ń bọ́ fídà mélòó kan. Ní ẹ̀gbẹ́ 11 kV, kọ́rẹ́ǹtì tó lè gbé láìṣe wàhálà jẹ́ nǹkan bí ampere 394. Fídà tiwa ń lo ampere 150 nígbà tí ó bá pọ̀ jù. Bí fọ́ọ̀tì bá ṣẹlẹ̀ nítòsí ibùdó, kọ́rẹ́ǹtì á tó ampere 4,000. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ìpẹ̀kun wáyà, lẹ́yìn ìlú lọ́hùn-ún, wáyà gígùn á ti dín in kù sí ampere 800.

Ìbéèrè kìíní: iye wo ló yẹ kó jí rílè? Ó gbọ́dọ̀ ju ohun tí aráàlú ń lò lójoojúmọ́ lọ, kó má bàa máa jí lásán. Ó sì gbọ́dọ̀ kéré dáadáa sí fọ́ọ̀tì tó kéré jù lọ, kó má bàa sùn nígbà tí olè wà nínú ilé. Ampere 150 ni ìlú ń lò, ampere 800 ni fọ́ọ̀tì ìpẹ̀kun. A yan 200. Fọ́ọ̀tì ìpẹ̀kun jẹ́ ìlọ́po 4 rẹ̀, ó dára.

Ìbéèrè kejì: báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ rántí ìlà IEC tí a ń lò jù: àkókò = 0.14 × TMS ÷ ((I/Is)^0.02 − 1). Is ni iye tó ń jí rílè, I ni kọ́rẹ́ǹtì fọ́ọ̀tì, TMS sì ni ohun tí a fi ń fa àkókò gùn tàbí ké e kúrú. Bí a bá fi TMS sí 0.1, fọ́ọ̀tì ampere 4,000 á kúrò ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 0.23, ti ampere 800 á kúrò ní nǹkan bí 0.5. Kí ènìyàn tó pe "Yéè!", rílè ti ké sí bírékà.

Ìbéèrè kẹta: ta ló ń dúró lẹ́yìn rẹ̀? Rílè kan wà lókè, lẹ́nu ọ̀nà tiransifọ́mà, tó ń ṣọ́ gbogbo fídà. Bí fọ́ọ̀tì bá wà lórí fídà kan, ti fídà yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já, kí àwọn yòókù má bàa bá a jìyà. Àgbà gbọ́dọ̀ fún ọmọdé láyè. Bí ọmọdé bá kùnà, kí àgbà wá dá sí i. Àlàfo tí a máa ń fi sáàárín wọn jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 0.3 sí 0.4, kí bírékà lè ráyè ṣí kí àṣìṣe rílè méjèèjì sì bọ́ sínú rẹ̀. A fi ti àgbà sí ampere 480 pẹ̀lú TMS 0.2. Fún fọ́ọ̀tì ampere 4,000, á dúró fún nǹkan bí 0.65 kó tó já. Ti ọmọdé jẹ́ 0.23. Àlàfo wọn ju 0.4 lọ díẹ̀. Iṣẹ́ ti parí, ó sì dára.

Bí wọ́n bá wá yí i sókè ńkọ́?

Ìlú ń dàgbà. Ilé ìtura tuntun dé, àwọn alásomi tutù dé, ẹ̀rọ ìlọta pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan, ohun tí fídà ń lò di ampere 210, rílè sì ń já nírọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣe ìwọ́de ní ibùdó. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fẹ́ àlàáfíà, ó sì yí iye tó ń jí rílè láti 200 lọ sí 600. Inú gbogbo ayé dùn. Iná kò já mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tún ìṣirò ṣe. Fọ́ọ̀tì ìpẹ̀kun ṣì jẹ́ ampere 800, ṣùgbọ́n ìlọ́po 1.33 péré ló jẹ́ sí 600. Rílè tó ń já ní ìṣẹ́jú-àáyá 0.5 tẹ́lẹ̀ á wá dúró fún nǹkan bí 2.4. Rílè àgbà lókè ńkọ́? Òun ń rí ampere 800 náà pẹ̀lú ohun tí àwọn fídà yòókù ń lò. Ẹ jẹ́ ká fi ojú díwọ̀n rẹ̀ sí 1,000 lápapọ̀. Á já ní nǹkan bí 1.9. Ẹ rí i? Àgbà ti já ṣáájú ọmọdé. Ẹ̀ka igi kan ní òpópónà kan ti pa iná gbogbo ìlú. Ohun tí wọ́n yí sókè kí iná má bàa lọ, òun gan-an ló wá ń mú iná gbogbo èèyàn lọ.

Ìyẹn ṣì dára. Bí fọ́ọ̀tì bá kéré sí i ńkọ́, bí àpẹẹrẹ ampere 450? Lórí ètò àkọ́kọ́, á já ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lórí ètò tuntun, rílè kò ní jí rárá. Wáyà á máa gbóná, á rọ̀, á sì já bọ́ sílẹ̀ níbi tí ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ìlú bá dàgbà ni kí a pín fídà sí méjì, tàbí kí a pààrọ̀ wáyà, kí a wá tún gbogbo ìṣirò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe kan náà ni àwa náà ń ṣe ládùúgbò nígbà tí a bá yọ fíúsì tiransifọ́mà, tí a sì fi wáyà bàbà tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Fíúsì kì í ṣe ọ̀tá. Òun ló yẹ kó kú dípò tiransifọ́mà.

Láti Jẹ́bbà dé Òṣogbo

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí fídà ìlú, ká gòkè lọ sí wáyà ńlá. Òṣogbo tó wà nítòsí wa yìí ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà. Wáyà 330 kV ń bọ̀ láti Jẹ́bbà, níbi tí iná omi Odò Ọya ti ń wọlé, ó jìn tó nǹkan bí kìlómítà 157. Lórí irú wáyà bẹ́ẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì nìkan kò tó láti fi mọ ibi tí fọ́ọ̀tì wà. Rílè ibẹ̀ ń fi fólítéèjì pín sí kọ́rẹ́ǹtì. Bí èsì bá ṣe kéré tó ni fọ́ọ̀tì ṣe sún mọ́ tó.

A kì í sọ pé kó ṣọ́ kìlómítà 157 pátápátá lójú ẹsẹ̀. Ìdá 80 nínú 100 là ń fún un, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 126. Ìdí ni pé òṣùwọ̀n kì í pé pérépéré. Bí a bá ní kó ṣọ́ dé òpin, ó lè rí fọ́ọ̀tì tó wà níwájú Òṣogbo, kó rò pé tòun ni, kó sì já wáyà tí kò ṣẹ̀. Ìpele kejì ló ń ṣọ́ ìyókù, ó sì máa ń kọjá òpin díẹ̀, ó sábà ń jẹ́ ìdá 120, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 0.3 sí 0.5, kí ẹni tó ni ìlé lè ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìpele kẹta ń wo ọ̀nà jíjìn ju ìyẹn lọ, ó sì ń dúró pẹ́ ju ìyẹn lọ.

Ìpele kẹta yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ẹrù pọ̀ lórí wáyà 345 kV kan tí wọ́n ń pè ní Sammis–Star, fólítéèjì sì ti lọ sílẹ̀. Rílè pín fólítéèjì kékeré sí kọ́rẹ́ǹtì ńlá, ó rò pé fọ́ọ̀tì ni, ó sì já a. Kò sí fọ́ọ̀tì kankan níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn wáyà yòókù ti ń já tẹ̀lé ara wọn, títí iná fi lọ mọ́ nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Nọ́ńbà tó dọ́gbó

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fi parí kíláàsì ti pẹ́ jù ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1965, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òtútù kan, àwọn wáyà 230 kV márùn-ún ń gbé iná láti ibùdó Sir Adam Beck, lẹ́bàá omi Niagara ní Kánádà, lọ sí ìhà Toronto. Rílè kan wà lórí ọ̀kan nínú wọn tí ètò rẹ̀ jẹ́ 375 MW. Nígbà tí wọ́n ṣètò rẹ̀ ní ọdún 1963, ó ju ohun tí wáyà náà ń gbé lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù ń pọ̀ sí i. Àwọn tó ń darí iná kò mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn ti ń sún mọ́ wọn lẹ́yìn. Ní aago 5:16, ẹrù kọjá rẹ̀ díẹ̀, rílè sì já wáyà náà. Ẹrù rẹ̀ bọ́ sórí mẹ́rin yòókù, àwọn náà sì já láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Iná lọ mọ́ nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù ènìyàn lọ́wọ́, títí dé ìlú New York.

Rílè yẹn kò bàjẹ́ o. Ohun tí wọ́n sọ fún un gẹ́lẹ́ ló ṣe. Ayé ló yí padà, tí ẹnikẹ́ni kò padà lọ sọ fún un.

Ẹ wá fi àpẹẹrẹ méjèèjì wéra: ti ìlú kékeré wa, tí wọ́n yí nọ́ńbà láìṣe ìṣirò, àti ti Adam Beck, tí wọn kò yí i nígbà tí ìṣirò sọ pé kí wọ́n yí i. Àrùn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà ti kúrò lọ́dọ̀ ohun tó wà nílẹ̀.

Ohun tí rílè kò lè rí

N kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á tán kó wá rò pé rílè tí a ṣètò dáadáa lè gba gbogbo èèyàn là. Bí wáyà 11 kV bá já bọ́ sórí yanrìn gbígbẹ tàbí ọ̀dà, kọ́rẹ́ǹtì tó ń wọlẹ̀ lè má ju ampere mélòó kan lọ. Rílè ilẹ̀ tí a fi sí ampere 20 tàbí 40 lè má rí i. Wáyà á dákẹ́ sílẹ̀ bí ejò tó ń sùn, iná á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi igi gbé e, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Ẹ jìnnà sí i, kí ẹ ké sí àwọn oníná.

Bátìrì náà ńkọ́? Nígbà kan, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibùdó kan tí n kò ní dárúkọ. Rílè tuntun ló wà níbẹ̀, ó ń dán, ètò rẹ̀ péye. A fi ẹ̀rọ ìdánwò fún un ní kọ́rẹ́ǹtì, iná pupa rẹ̀ tàn, ó ké sí bírékà. Bírékà kò mira. Nígbà tí a wọn bátìrì, tó yẹ kó jẹ́ volt 110, kò tó ìdajì. Omi inú rẹ̀ ti gbẹ. Ọlọ́dẹ rí olè, ó ya ẹnu, ohùn kò jáde. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti wà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bátìrì ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè kí n tó bèèrè rílè.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ìwé ètò rílè kò gbọdọ̀ jẹ́ nọ́ńbà lásán. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sí i, ẹ kọ ẹrù tó wà lórí fídà lọ́jọ́ náà, fọ́ọ̀tì tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù, àti rílè tó wà lókè rẹ̀. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn yín á lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà náà ti dọ́gbó. Bí ọ̀gá tàbí aráàlú bá ní kí ẹ yí i sókè, ẹ fi ìwé náà hàn wọ́n, kí ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní fọwọ́ sí i.

Aládùúgbò mi gbọ́ gbogbo èyí, bóyá kì í ṣe pẹ̀lú TMS àti IEC. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní: "Prof, igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, orí wáyà ló dùbúlẹ̀ sí o. Ẹ jẹ́ kí n mú àdá." Mo ní rárá, àdá kọ́. Igi tútù tó wà lára wáyà 11 kV, iná lè gbà á kan ẹni tó ń gé e. Àwọn oníná ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa fídà kí ẹnikẹ́ni tó gun igi náà. A ti kọ lẹ́tà, a sì jọ fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ajé, àwa méjèèjì ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ohun tí a máa bẹ̀ wọ́n nìyẹn: kí wọ́n wá gé igi. Kí wọ́n fi rílè sílẹ̀ bó ṣe wà.